Ọparun Ilé Àna

Ẹ̀jẹ̀ ni Ràfátù kọ́kọ́ rí lára Bàṣírù, kó tó rí ojú rẹ̀.

Ọjà Igolo ni, létí bọ́dà lápá ti Kútọ́nù, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí orúkọ Révolution, ìjọba àwọn sójà, ti wà lára gbogbo ògiri, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kígbe "La lutte continue", pé ìjà ń tẹ̀síwájú, kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Ràfátù jókòó ti àtẹ ọṣẹ àti ìṣáná rẹ̀. Àwọn mìlíṣíà, àwọn ọ̀dọ́ tí ìgbìmọ̀ Révolution fún ní kóńdó, lé ọmọkùnrin kan tó di kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wọ àárín ọjà. Wọ́n ki kóńdó bọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ dojú dé, kẹ́ẹ̀gì bẹ́, epo ṣàn lábẹ́ àtẹ àwọn obìnrin. Ọ̀kan nínú àwọn mìlíṣíà náà tẹ ọrùn ọmọkùnrin náà mọ́lẹ̀ sínú epo, ó ń bi í bóyá ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní saboteur, ẹni tó ń ba ìlú jẹ́. Kí ọmọkùnrin náà tó dáhùn, mìlíṣíà yẹn ti fi bàtà gbá a lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọmọkùnrin náà dìde jókòó. Ó tu eyín kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó bí ẹni tó ń wo àgbàdo tí kòkòrò ti jẹ, ó jù ú nù. Ó wá gbójú sókè.

"Arábìnrin," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ta ìṣáná fún ẹnikẹ́ni. Bẹntiróòlù ni mo fi wẹ̀."

Ọkàn Ràfátù ṣí bí ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ gbá. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fún un kó fi nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu. Gèlè yẹn kò padà sílé mọ́, ọkàn tó bá a lọ náà kò sì padà.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹni tó fi bàtà gbá Bàṣírù lẹ́nu, Ràmọ́nù ni. Ràmọ́nù sì ni ẹ̀gbọ́n Ràfátù, ọmọ ìyá kan náà, ọmọ bàbá kan náà.

Sàlámì, bàbá wọn, àgbẹ̀ àgbàdo ni ní Ifangni. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, àfi tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́ lórí rédíò. Lọ́dún yẹn, lẹ́yìn ìkórè, ó kọjá bọ́dà sí Idiroko, ó ra tẹlifíṣọ̀n kékeré kan. Télé là ń pè é níbí. Bátìrì ọkọ̀ ló ń lò, nítorí iná ìjọba kò tíì dé àdúgbò náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tàn án, òjò funfun ló ń rọ̀ nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá yí antẹ́nì kékeré orí rẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, Kútọ́nù á yọ, ọkùnrin kan á máa fi Faransé ka ìròyìn ìkórè òwú bí ẹni tó ń bá olè wí. Tí wọ́n bá yí i sí ìlà-oòrùn, Èkó á yọjú díẹ̀, á tún sá padà sínú òjò.

Èkó ni Sàlámì fẹ́. Ó ní ará inú àpótí tó wà lọ́hùn-ún ń bá òun sọ̀rọ̀ lédè òun, èyí tó wà ní Kútọ́nù ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Ràmọ́nù á ní ọ̀rọ̀ ọ̀tá Révolution nìyẹn. Sàlámì á ní kò burú, kí Révolution náà kọ́ Yorùbá, òun á gbọ́ tirẹ̀. Ó tún máa ń sọ pé òun kò tíì rí aṣọ́bodè tó lè dá àwòrán dúró ní Igolo kó ní kó tú ẹrù rẹ̀. Ìyá wọn, Sìdíkátù, á ní kí àwọn méjèèjì jẹ́ kí òun gbádùn. Láti ìgbà tí àpótí yìí ti wọlé, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ ju àwọn tó ń bá òun bó àgbàdo lọ.

Inú ilé yìí ni Bàṣírù rán àwọn àgbà wá láti tọrọ Ràfátù.

Ràmọ́nù kò jẹ́ kí wọ́n jókòó tán. Ó fi ẹsẹ̀ ta igbá obì wọn nù, ó ní fàyàwọ́ kan kò ní fẹ́ àbúrò òun láéláé, irú wọn ló ń ta ìlú yìí ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì. Nígbà tí Ràfátù lanu láti sọ̀rọ̀, ó gbá a létí níwájú àwọn àlejò, etí ọ̀hún sì ń hó títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Sàlámì ló dìde. Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ní Révolution lè gba oko, ó lè gba ọjọ́ Sátidé àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n òun ni òun bí Ràfátù. Ó yíjú sí àwọn àlejò, ó ní kí Bàṣírù wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọkọ ti ń ṣe é.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n á lọ fi odindi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ fún bàbá ọmọ. Wọ́n lè ro oko, wọ́n lè bo ilé. Ọ̀wẹ̀ àna nìyẹn. Lọ́jọ́ náà, ẹrú ni ọkọ nínú ọgbà àna rẹ̀. Kò ní jókòó sórí àga, tí ọmọdé bá bú u, á kí ọmọdé náà. Èyí tó le jù ni ti ọwọ́. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ kò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ọmọ náà, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ ló tọ̀ sí i lára, àwọn ọ̀rẹ́ tó bá a wá náà kò sì gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ bá kan ọmọ ilé, ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n á kó ẹrù ìdána rẹ̀ padà fún un, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kan ní Ko-Koumolou: àbúrò ìyàwó jí adìẹ rẹ̀, ó gbá ọmọ náà létí, wọ́n sì fa ìyàwó rẹ̀ lé ẹlòmíì lọ́wọ́ níṣojú rẹ̀.

Sàlámì ní òun kò fẹ́ oko ríro. Ọparun ni òun fẹ́, ọparun tó ga ju gbogbo orí ilé lọ, tí antẹ́nì ńlá á jókòó lé ṣóńṣó rẹ̀, kí Èkó lè wọlé dáadáa kí wọ́n tó gbá àṣekágbá ife Áfíríkà. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ọ̀wẹ̀ orísìíríṣìí, àwọn kò tíì gbọ́ ti bọ́ọ̀lù rí.

Ràmọ́nù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀. Ó mọ òfin ọwọ́ yẹn bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni Nàìjíríà àti Àlùjéríà fẹ́ kojú ara wọn ní Èkó. Ọjọ́ Sátidé kan náà ni Camarade Cyprien, olórí ìgbìmọ̀ Révolution, dá fún iṣẹ́ oko ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní champ collectif. Ràmọ́nù ló ní kó kó àwọn ọ̀dọ́ wá. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn arúgbó obìnrin àti àwọn mìlíṣíà tirẹ̀ nìkan ló bá nínú oko. Camarade Cyprien nu ojú, ó bi í níwájú gbogbo ènìyàn pé àwọn ọ̀dọ́ dà. Ìyá arúgbó kan tó fara ti ọkọ́ rẹ̀ ló dáhùn, ó ní kí ni olóyè ń béèrè, ilé bàbá Ràmọ́nù ni wọ́n wà, wọ́n lọ bá ọkọ àbúrò rẹ̀ ṣe ọ̀wẹ̀.

Ẹ̀rín bú láàárín àwọn arúgbó. Camarade Cyprien kò bá wọn rín in. Ó kàn sọ jẹ́jẹ́ pé ó jọ pé Ràmọ́nù ló ń darí Révolution níta, fàyàwọ́ ló ń darí ilé bàbá rẹ̀. Ràmọ́nù ju ọkọ́ sílẹ̀, ó mú kóńdó, ó sì pe àwọn ènìyàn rẹ̀.

Nílé, ọ̀wẹ̀ ti gbóná. Bàṣírù àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbé ọparun tútù láti etí odò, ó gùn débi pé ìdí rẹ̀ ti wọ ọgbà nígbà tí orí rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà. Wọ́n fi wáyà de antẹ́nì mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yàrá, wọ́n kó òkúta jọ tí wọ́n máa fi dí i, wọ́n sì na ọparun náà dúró. Bàṣírù gbá a mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Yésúfù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gba ọ̀nà Igolo, wà lórí páànù, ó ń gba ọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé Sàlámì, ó ń jù ú sílẹ̀ fún un.

"Bàbá ní ṣé o ti sùn ni. Yí i sọ́tùn-ún."

"Ọ̀tún ta ni, ti Bàbá àbí tèmi?"

"Ti àna rẹ. Láti òní lọ, kò sí ọ̀tún mìíràn."

Lójijì, Èkó dé. Kò yọjú lásán, ó wọlé wá jókòó ni. Pápá ìṣeré ńlá kún inú àpótí kékeré náà, ènìyàn bí iyanrìn, ó mọ́ kedere débi pé Sìdíkátù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìdáná wọlé kí àwọn ará inú àpótí pé ẹ kú ìjókòó. Àwọn aládùúgbò ti ara wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà. Yésúfù ní kí wọ́n tètè kó òkúta sínú ihò. Sàlámì kọ̀. Ó ní bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá ń ki òkúta báyìí, ọparun á yẹ̀, Èkó á sá lọ. Kí Bàṣírù dì í mú bẹ́ẹ̀ títí àwọn agbábọ́ọ̀lù á fi lọ sinmi.

Bàṣírù sì dì í mú. Kò rí nǹkan kan nínú eré náà. Ògiri ló kọjú sí. Ṣùgbọ́n Ràfátù, tó ń bu ẹ̀wà sínú àwo fún àwọn oníṣẹ́, ń rí i láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, bí ó ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọparun tútù náà bí ẹni tó fi í lé èjìká olólùfẹ́. Ó rò ó nínú ọkàn rẹ̀ pé láìpẹ́, èjìká tòun ni.

Góòlù àkọ́kọ́ wọlé kí wọ́n tó jókòó dáadáa. Ilé mì. Àárín ariwo yẹn ni Ràmọ́nù gbà wọlé, àwọn mìlíṣíà lẹ́yìn rẹ̀, eruku oko lára wọn títí dé ìpéǹpéjú. Ó rìn tààrà lọ bá Bàṣírù.

"Sọ ọ́ sílẹ̀," ó ní.

"Ẹ káàbọ̀, àna mi," Bàṣírù ní. "Ẹ má bínú pé n kò lè dọ̀bálẹ̀. Tí mo bá dọ̀bálẹ̀, èyí náà á dọ̀bálẹ̀, orí páànù Bàbá ló sì máa dọ̀bálẹ̀ sí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí páànù. Ẹ̀rín méjì lọ́jọ́ kan ti pọ̀ jù fún Ràmọ́nù. Ó gbé kóńdó sókè, ó là á mọ́ èjìká Bàṣírù, eegun sì dún bí igi gbígbẹ.

Nínú yàrá, àwòrán mì. Sàlámì kígbe láti inú ilé.

"Bàṣírù, mú u dáadáa."

Bàṣírù mí sínú. "Mo ti mú u, Bàbá."

Kóńdó kejì gba ìhà rẹ̀. Àwòrán mì lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn tó wà nínú yàrá pariwo, Sàlámì tún ní kí ló ń ṣe ọmọ yìí, ṣé ebi ń pa á ni. Yésúfù fò láti orí páànù bọ́ sẹ́yìn mìlíṣíà kan, ó fi ojú rẹ̀ gbá ògiri. Ìjà bẹ́. Wọ́n ń fi kóńdó lu ènìyàn, wọ́n ń fi ìdí ọkọ́ lu ènìyàn, àwo ẹ̀wà fọ́, àwọn oníṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ń fi òkúta lu àwọn mìlíṣíà lórúnkún. Ọkọ́ kan la awọ orí Yésúfù láti iwájú dé etí, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú, síbẹ̀ ó ń fọwọ́ wá ọrùn ẹni tó lù ú.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan Ràmọ́nù. Ó ń rìn láàárín ìjà náà bí ẹni tí ọta kì í ràn. Tó bá lu ẹnì kan, ẹni yẹn á wò ó, á gbé ọwọ́ sókè, á rántí ọmọ ilé tó jẹ́, á sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Ó padà sídìí Bàṣírù. Ó ń lù ú láìkánjú. Ó lù ú lẹ́yìn, ó lù ú ní itan. Ẹ̀jẹ̀ ń gba ara ọparun tútù ṣàn lọ sínú ihò.

Ràfátù ti wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi orí mi jì í. Kò lè lù yín padà, ẹ mọ̀ pé kò lè lù yín padà."

"Ohun tí mò ń dúró dè nìyẹn," Ràmọ́nù ní. Ó ń mí bí ẹni tó ń gún odó. "Kó lù mí ẹ̀ẹ̀kan péré. Kó kàn fi ìka kàn mí, màá lọ sílé mi."

Ràfátù wo Bàṣírù. Ojú rẹ̀ kan ti wú tì, èkejì ń wò ó. Àwọn ọkùnrin kan máa ń sọ fún obìnrin pé àwọn lè kú nítorí rẹ̀. Èyí kò sọ ọ́ rí. Ó ń ṣe é níwájú rẹ̀, eegun kan tẹ̀lé òmíràn, ó gbá igi mọ́ra, ó ń dáhùn pé òun ti mú u, Bàbá.

Ràmọ́nù bẹ̀rẹ̀ sí lu ìka rẹ̀ lára ọparun. Nígbà tí ìka kejì ṣẹ́, Ràfátù dìde. Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé ọmọ odó. Kò sáré, kò sì sọ̀rọ̀. Ó fi gbogbo agbára tó ń fi gún iyán sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ọwọ́ tó di kóńdó mú.

Kóńdó fò. Ràmọ́nù bú ramúramù, ó yípo, ó rí ẹni tó lù ú, ojú rẹ̀ sì di ojú ẹlòmíì. Ó fi ọwọ́ tó kù fa irun rẹ̀, ó wọ́ ọ lọ sídìí odó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbá ẹnu rẹ̀ mọ́ etí odó. Ètè bẹ́, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu Ràfátù. Àdá kan wà nílẹ̀ tí ẹnì kan mú bọ̀ láti oko ìlú. Ràmọ́nù he é. Ó fi orúnkún tẹ ọwọ́ ọ̀tún Ràfátù mọ́ ẹnu odó, ó ní ọwọ́ tó lu ẹ̀gbọ́n kò ní jẹun mọ́ nínú ilé yìí. Ó gbé àdá sókè.

Bàṣírù sọ ọparun sílẹ̀.

Ọparun náà ṣubú bí ìgbà tí ọ̀run bá ya. Ó la páànù méjì, ó fọ́ òrùlé, antẹ́nì já wọ yàrá, Èkó kú sínú àpótí pẹ̀lú gbogbo ènìyàn rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàṣírù kò gbọ́. Èjìká rẹ̀ kan so kalẹ̀ bí ẹ̀ka tó ṣẹ́. Orí ló kọ́kọ́ fi gbá Ràmọ́nù láyà. Àdá bọ́. Ó gorí rẹ̀, ó mú òkúta kan nínú èyí tí wọ́n kó jọ fún ihò, ó sọ ọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Àgbọ̀n yẹ̀. Ó tún sọ ọ́. Gbogbo èyí tó ti gbé mì láti ọjọ́ Igolo ló ń tú jáde lọ́wọ́ rẹ̀, eyín Ràmọ́nù ń fọ́n ká sínú ẹ̀wà tó dànù, ó sì tún gbé òkúta náà sókè.

"Bàṣírù," Ràfátù ní láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀. "Ó tó."

Ó dúró. Ó wo òkúta náà bí ẹni pé ẹlòmíì ló fi sí i lọ́wọ́.

Àwọn mìlíṣíà rí ọ̀gá wọn nílẹ̀, wọ́n tú ká. Èyí tó kẹ́yìn kígbe láti ojú ọ̀nà pé àwọn ń lọ pe àwọn ọlọ́pàá gendarme, pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn oníṣẹ́ ọ̀wẹ̀ kò ní sùn sílé lónìí.

Ìgbà yẹn ni Sàlámì jáde, eruku òrùlé nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ohun tó rí ni ọmọkùnrin rẹ̀ nílẹ̀ láìní ìrísí ẹnu mọ́, àti ọkọ ọmọ rẹ̀ lórí rẹ̀ pẹ̀lú òkúta. Sìdíkátù ti jókòó sínú ẹrẹ̀, ó gbé orí Ràmọ́nù lé itan. Ràmọ́nù ń mí, mímí náà ń hó.

Bàṣírù fúnra rẹ̀ ló bọ́ kúrò lórí Ràmọ́nù, ó gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀, èjìká kò jẹ́. Ó dojú bolẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọwọ́ mi ti kàn án, Bàbá," ó ní.

"Mo rí i," Sàlámì ní.

Ó wá sọ fún ògiri, nítorí kò lè wo ẹnikẹ́ni, pé òfin kò bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé, pé tó bá jẹ́ pé òun ni Bàṣírù lù, òun ì bá fi orí jì í, ṣùgbọ́n ọmọ òun ni. Kí wọ́n kó ẹrù ìdána rẹ̀ padà fún un. Kò sí àna láàárín àwọn mọ́.

Ràfátù dìde dúró. Aṣọ rẹ̀ ti ya, irun rẹ̀ kan ti ṣẹ́kù sọ́wọ́ Ràmọ́nù.

"Bàbá," ó ní, "èmi náà, ọmọ ta ni mí? Ọwọ́ mi ni wọ́n fẹ́ gé. Ẹ wo àdá yẹn. Ẹ wo odó."

Sàlámì wo odó. Ó wo àdá.

"Nígbà tí àwòrán ń mì," Ràfátù ní, "ìgbà yẹn ni wọ́n ń lù ú. Gbogbo ìgbà tó mì, egungun rẹ̀ kan ni. Ẹ ní kó mú u dáadáa. Ó sì mú u."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ bàbá náà lára ju bí ọparun ti wọ òrùlé lọ. Ó rìn lọ sídìí ọparun tó ṣubú, ó fi ọwọ́ kan ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà, ó wo ìka ara rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti di ti arúgbó.

"Ẹ gbé Bàṣírù kúrò níbí kí àwọn gendarme tó dé," ó ní. Ó lọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Kò sọ pé kí Ràfátù lọ. Kò sọ pé kó dúró.

Bàṣírù ní kó dúró. Ó ní òun ti pàdánù, kí ó má ba ilé bàbá rẹ̀ jẹ́ nítorí òun. Ràfátù ní kó pa ẹnu mọ́, nítorí ọwọ́ tòun ló kọ́kọ́ kan Ràmọ́nù. Tí òfin bá fẹ́ mú ẹnì kan, kó wá mú òun. Sìdíkátù kò gbé orí sókè. Ó tú ìró kejì tó wà nídìí rẹ̀, ó fi eyín ya á sí méjì. Ó fi ìlàjì kan di àgbọ̀n Ràmọ́nù. Ó na ìlàjì kejì sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, Ràfátù gbà á, ó fi so ọwọ́ Bàṣírù mọ́ ọrùn rẹ̀. Ìyá àti ọmọ mọ̀ pé tí ọ̀kan bá sọ̀rọ̀, ìkejì kò ní lè ṣe ohun tó fẹ́ ṣe.

Yésúfù gbé mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré rẹ̀, wá, aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ti sọ di pupa ló fi wé orí. Wọ́n gbé Bàṣírù sí àárín, Ràfátù jókòó sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra kó má ṣubú. Wọn kò gba títì. Inú oko àgbàdo ni wọ́n gbà, ojú ọ̀nà tí àwọn fàyàwọ́ nìkan mọ̀, ewé ń gbá wọn lójú. Nígbà kan wọ́n gbọ́ mọ́tò àwọn gendarme tó ń kọjá lọ sí ọ̀nà ilé, Yésúfù sì pa ẹ̀rọ, wọ́n dúró láàárín àgbàdo. Bàṣírù ń fi eyín gé ètè ara rẹ̀ kó má baà ké. Ràfátù fi àyà rẹ̀ bo ẹnu rẹ̀, igbe náà sì wọ inú àyà rẹ̀ lọ, ó gbà á síbẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n já sí bọ́dà lápá Idiroko. Ẹ̀ṣọ́ kan tó gbé rédíò sétí na ọwọ́ sí wọn. Ó wo ojú Ràfátù tó wú, ó wo ètè tó bẹ́, ó wo ọkùnrin tó gbé orí lé e láyà. Ó béèrè pé ta nìyí.

"Ọkọ mi ni," Ràfátù ní.

"Ta ló ṣe é báyìí?"

"Àwọn ẹbí ìyàwó rẹ̀ ni."

Ẹ̀ṣọ́ náà mi orí, ó lọ sídìí igi tí wọ́n fi dí ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Inú rẹ̀ dùn gan-an lọ́jọ́ náà. Ó ní ṣé wọ́n ti gbọ́, Nàìjíríà ti gba ife, góòlù mẹ́ta sí òdo. Ràfátù ní àwọn ti gbọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ gbé igi náà ga díẹ̀ sí i, kó má baà gbá orí ọkọ òun.